Létà Nótíìsì Tí N Kò Kọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka èyí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ẹ̀ṣẹ̀ kan pamọ́ sínú, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ààwẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́rin mọ́ kó parí, ẹ̀rù ọjọ́ ọdún sì ń bà mí.

Ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe Banjul, olú-ìlú Gambia níbí, ní Bathurst ni. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta aṣọ. Ọ́fíìsì kan létí èbúté fún mi ní iṣẹ́ tó dára jù ú lọ, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Nótíìsì oṣù kan ló sì yẹ kí n fún ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá kọ létà, tí iṣẹ́ tuntun wá yẹ̀ ńkọ́? Àjèjì ni mí nílùú yìí, mo ní ìyàwó àti ọmọ méjì. N kò kọ nǹkan kan. Mo ránṣẹ́ pé ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo sì lọ jókòó sẹ́nu iṣẹ́ kejì.

Bathurst kò tóbi tó ibi tí èèyàn ń sá pamọ́ sí. Lọ́sẹ̀ kẹta, máníjà ilé-iṣẹ́ aṣọ rí mi létí èbúté, fáìlì ọ́fíìsì kejì wà lábẹ́ abíyá mi. Ó mú mi padà, ó ní kí n ṣàlàyé. Irọ́ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo ní mo ti kọ nótíìsì tipẹ́, Pa Lamin ni mo fún kó gbé e fún un.

Pa Lamin ni méséńjà wa, àgbàlagbà ẹ̀yà Wolof tó ń gbé ní àdúgbò Campama. Kéú ló mọ̀ ọ́n kà, kò mọ ìwé òyìnbó, kò sì lè sọ èyí tó gbé àti èyí tí kò gbé nínú gbogbo létà tí a ń kó lé e lọ́wọ́. Wọ́n pè é wá bi í. Ó wò mí, ó tẹrí ba.

"Bí akọ̀wé bá ní òun fún mi, a jẹ́ pé ó fún mi. Ogbó ló dé."

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Èmi, wọ́n ní kí n máa lọ ní àlàáfíà. Wọ́n ní ẹni bá lé eku méjì á pòfo. Mo lé méjì, mo mú èyí tó sanra, bàbá kan ló pòfo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ó kù.

Àwọn ará ibí, tí wọ́n bá ti kírun ọdún tán, wọ́n á máa lọ láti ilé dé ilé láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn. "Baal ma" ni wọ́n ń wí, ìyẹn ni pé dárí jì mí. Gbogbo ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni Pa Lamin ń wọ bọ́ọ̀sì láti Bundung, níbi tó kó lọ nígbà tí iṣẹ́ bọ́, wá bá mi ní New Town. Á di ọwọ́ mi mú, á ní kí n dárí ji òun nítorí létà mi tí òun sọ nù. Èmi á dáhùn pé, "Mo ti dárí jì yín, Pa." Ìyàwó mi á gbé oúnjẹ fún un. Tí bàbá bá lọ tán, ìyàwó mi á ní mo lọ́kàn rere.

Lánàá, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Ó ní bàbá kò lè dìde mọ́, àwọn kò sì rò pé á pẹ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n wá lọ́jọ́ ọdún, kí bàbá lè tọrọ àforíjì tọdún yìí lórí ẹní.

Mi ò sùn. Bí mo bá jẹ́wọ́, ìbànújẹ́ ni màá fi sìn ín lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ á gbọ́, ibi iṣẹ́ mi náà á gbọ́. Bí mo bá dákẹ́, á ru ẹ̀bi mi dé sàréè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá náà á na ọwọ́ sí mi. Ẹnu wo ni màá fi sọ pé mo ti dárí jì í?