Orúkọ Fúnmi Wà Níbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ọkọ mi ò mọ̀, pásítọ̀ mi ò mọ̀. A sin Dádì Fúnmi lóṣù tó kọjá. Láti ọjọ́ náà, n ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Amuwo, l'Ékòó, ni ọ́fíìsì wa wà nígbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní kí a ṣe ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ṣe ìdánwò yóò ti máa wo orúkọ àwọn tó yege. Èmi ni mo ṣe é.

N ò ṣe é dáadáa. Bí ẹnì kan bá ti ṣí i, gbogbo orúkọ pátá ni yóò kó jáde fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí èmi nìkan ń dán an wò, ó ń yá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí èsì jáde, èrò ṣí i pọ̀, ó sì dákú. Ilé ẹ̀kọ́ ń pe ọ̀gá mi, ọ̀gá mi dúró lé mi lórí.

"Ṣe nǹkan kan. Ohunkóhun."

Mo bá gé e. Mo ní kó máa gbé igba orúkọ àkọ́kọ́ nìkan jáde. Mo rò ó pé tó bá yá, màá ṣe ibi tí èèyàn yóò ti máa ṣí ojú ewé kejì àti kẹta. Ìkànnì náà jí. Ọ̀gá mi yìn mí lójú gbogbo ọ́fíìsì. Iṣẹ́ mìíràn dé lọ́jọ́ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé.

Bí lẹ́tà ṣe tẹ̀ léra la to orúkọ náà, ẹ sì mọ̀ bí orúkọ ìdílé wa ṣe rí: A àti O ló pọ̀ jù. Àárín O ni igba orúkọ yẹn parí sí. Gbogbo àwọn tó kù lẹ́yìn rẹ̀ wò ó títí, wọn ò rí ara wọn. Wọ́n gbà pé àwọn fìdí rẹmi. Ilé ẹ̀kọ́ rò pé wọn ò fẹ́ wá mọ́ ni.

Fúnmi Ṣóbándé wà lára wọn. Àdúgbò kan náà la ti dàgbà ní Festac, èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ àwọn yóò di nọ́ọ̀sì. Nígbà tí Dádì ò rí orúkọ rẹ̀, wọ́n ní irọ́ ló ń pa, pé kò tilẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò.

Fúnmi wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èsì.

"Àǹtí, ìdánwò yẹn ò le. Mo mọ ohun tí mo kọ."

Bó ṣe lọ tán ni mo ṣí kọ̀ǹpútà mi. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó yege. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn láti wá gba àyè wọn ti kọjá, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn dí i. Mo tún ìkànnì náà ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó tún ń wò ó mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ fún Fúnmi pé, "Bóyá àkókò Ọlọ́run ni ò tíì tó." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Dádì ò jẹ́ kó ṣe ìdánwò mìíràn. Fúnmi ń bá ẹnì kan ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Trade Fair báyìí. Títí Dádì fi kú, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn ò ju "ẹ káàárọ̀, sà" lọ.

Níbi ìsìnkú, ó di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí, Dádì lọ láìgbà mí gbọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí gbọ́."

Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ fún un, bàbá rẹ̀ ò ní jí wá bẹ̀ ẹ́. Tí n ò bá sọ, yóò máa dì mí lọ́wọ́ mú báyìí títí.

Àwọn yòókù ńkọ́? Mo ní orúkọ gbogbo wọn, n ò mọ ojú ẹnì kankan. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ lára wọn máa ka lẹ́tà yìí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ẹ wá orúkọ yín títí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn tí ẹ ò rí i, ẹ ò fìdí rẹmi. Èmi ni mo gé yín kúrò.