Ta Ló Ni Ẹnu Ọ̀nà Ilé-Kéwú Wa?

Ẹ gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn mi, kí n lè jókòó dáadáa. Àyà mi ò já. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi ju ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ yín lọ, n kò sì ní gbé e wọ sàréè.

Ẹ̀yin agbẹ́kùúta Àlẹ́pò, ẹ máa ń fi ẹnu ọ̀nà ilé-kéwú ńlá yangàn, òkúta tí a gbẹ́ bí afárá oyin. Ẹ ní, "Iṣẹ́ ìbílẹ̀ wa nìyẹn, iṣẹ́ Baba Mukubílù." Irọ́ ni, èmi Mukubílù fúnra mi ni mo sọ ọ́. Bakitiyárù ló ni ín, ọkùnrin Mọ́súlù tí ogun lé wá bá wa. Ẹfun lòun fi ń mọ irú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbójú sókè wo àjà tó mọ sórí ibi ìkírun, ẹnu mi ò lè padé. Ni ìlara bá wọ̀ mí.

Mo ní, "Ṣé ẹfun yìí lo pè níṣẹ́? Òjò ìlú wa á fi ṣe ẹ̀kọ mu."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ bi mí. Èmi náà fẹ́ kọ́ bí ẹ ṣe ń gbẹ́ òkúta." Ó tẹ́ àwòrán rẹ̀ síwájú mi. Ọ̀fẹ́ ló fẹ́ fún mi! Ìgbéraga ò jẹ́ kí n gbà á.

Nígbà tí òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo gun òrùlé lọ́sàn-án gangan bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ wò. Mo yọ òkúta mẹ́ta lójú ọ̀nà tí omi ń gbà kúrò lórí òrùlé, kí òjò lè máa jò sínú àjà, mo fi koríko bo ihò náà. Òjò kẹta, àjà já lulẹ̀, ó sì ṣẹ́ àfáà kan lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ni.

Kádì tó ń dájọ́ ìlú bi mí ohun tó fà á. Mo ní, "Iṣẹ́ àjèjì ni, kò bá ilẹ̀ wa mu."

Bakitiyárù wò mí. "Ọ̀gá, ṣebí ẹ gun òrùlé yẹn?"

Mo búra pé n kò débẹ̀. Mo búra o! Wọ́n lé e nílùú. Mo ṣa àwọn àwòrán rẹ̀ nílẹ̀, mo fi òkúta gbẹ́ wọn sí ẹnu ọ̀nà, mo kọ orúkọ mi sí i. Ìlú Hámà ni Bakitiyárù kú sí, níbi tó ti ń po ẹfun fún àwọn tó ń rẹ́ ògiri.

Lánàá, mo ní kí wọ́n gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé-kéwú. Mo ha orúkọ tèmi dànù, mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́gbọ́n lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ẹni tó kọ́ yín.

Mo ti ránṣẹ́ sí Súmúrúdù, ọmọbìnrin rẹ̀, kí n lè bẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ yìí ló dé. Ó fìka tọ orúkọ bàbá rẹ̀ lára òkúta. Ó wá ní, "Baba, ẹ fo lẹ́tà kan."

Ó yá, ẹ gbé mi. Ẹ mú òòlù dání.