Orin Tí Ìyàwó Ní Kí N Má Fi Sí I

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kì í gbàgbé. Ẹ má bínú pé ìgbẹ́ ni mo fi ṣíde ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ tú síta lónìí ń rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ní egbò ọ̀nà ọ̀fun mi kò ní í jẹ́ kí ohùn mi lo ọ̀sẹ̀ yìí tán. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí wọ́n bá mi pe èèyàn méjì. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin, ló jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi yìí. Èkejì, tí a ń pè ní Káfíńtà, wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn; ó ní òun kò ní í bá obìnrin tó gún òun lọ́bẹ wọ yàrá kan náà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi orin sí ẹ̀rọ níbi ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò Káfíńtà, mo mutí yó, mo fi orin ìsìnkú sí i bí ìyàwó ṣe ń wọlé. Káfíńtà, afági-bí-ẹni-fárí, wọ́ mi jáde láàárín èrò, ó fi ẹ̀ṣẹ́ yọ eyín iwájú mi méjì. Ọmọ tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ìgbéyàwó tirẹ̀ kàn, ó fẹ́ fi iṣẹ́ náà pẹ̀tù sí mi nínú, ó mú ìyàwó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Ẹ̀gbọ́n, a ti gbàgbé yẹn o. Ẹ ṣáà má mu nǹkan kan kí ẹ tó wá." Mo bá a rẹ́rìn-ín, afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí eyín ti yọ kọjá.

Ìwé pélébé méjì ni mo máa ń fún tọkọtaya: ọ̀kan fún orin tí wọ́n máa kọ́kọ́ jọ jó, èkejì fún orin tí wọn kò fẹ́ gbọ́ rárá. Káfíńtà fẹ́ orin tó le. Ìyàwó ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ bá jó ni, àbí pákó lo fẹ́ rù sáré?" Wọ́n mú èyí tó rọra ń lọ. Wọ́n fi ìwé kejì sílẹ̀ lófìfo. Ṣùgbọ́n bí ọkọ ṣe jáde, ìyàwó padà wá kọ orúkọ orin kan sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ó má mọ̀. Bàbá mi ló máa ń yí orin yìí sókè tó bá fẹ́ lu ìyá mi, kí ará ilé má baà gbọ́. Òun ló ń lọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó fi àga lù ú pa. Tí mo bá gbọ́ ọ, n kì í mọ ibi tí mo wà mọ́." Mo ní, "Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi." Mo ki ìwé náà sápò.

Ọba arínú-róde, o rí mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà. Omi lásán ni mo mu. Wọ́n jó dé ìdajì, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Mo gé orin wọn, mo fi èyí tí ìyàwó ní kí n má fi sí i rọ́pò rẹ̀, mo yí i sókè títí fèrèsé fi ń gbọ̀n. Mo rò pé yóò sunkún, yóò sá jáde, kí ojú lè ti ọkọ rẹ̀ bó ṣe dójú tì mí. Kò sunkún. Ó dúró gbagidi. Káfíńtà gbé ọwọ́ sókè láti fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó gbé sókè yẹn nìkan ni ìyàwó rí. Ọ̀bẹ kéèkì wà lórí tábìlì. Ó fi ya apá ọkọ wálẹ̀ dé àtẹ́lẹwọ́, ó tún gún un léjìká, ó ń pariwo pé, "Fi ìyá mi sílẹ̀." Ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ funfun, ó ta sára ẹ̀rọ mi. Àwọn ẹbí ọkọ gbé ìyàwó ṣánlẹ̀, wọ́n ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lórí. Orin ṣì ń lọ. Mi ò pa orin náà.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìyàwó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn. Mo kọ ọ́ fún yín." Ìwé náà wà lápò mi, ó ń jó mi nítan bí ẹyin iná. Mo ní, "Kò kọ nǹkan kan fún mi. Ẹ̀rọ ló fò." Wọ́n ní wèrè ni. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn àwọn wèrè. Ọwọ́ ọ̀tún Káfíńtà kò gbá ìṣó mọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá gbọ́ ìtàn mi, ẹ má sin ìbínú bí ẹní sin ajá. Ọjọ́ tó bá já okùn, kì í mọ ẹni tí ẹ ní kó bù jẹ. Ìwé náà rè é lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹ foríjì mí.

Obìnrin náà mú ìwé náà, ó ka ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó padà wá jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbóhùn sókè, kí ọkọ mi lè gbọ́."