Kókó Tí Áyọ́ọ̀nù Mi Kò Pa Rẹ́

Alága ìjókòó wa, Alàgbà Adédèjì, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí n tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọ̀gá mi, Ìyáàfin Oríọlá, olórí ẹ̀ka wa tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara. Ẹ̀yin àgbà ìjọ tí ẹ gbéra láti Oǹdó, tí ẹ gba ọ̀nà Ọ̀wẹnà nínú òjò yìí nítorí tèmi. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi ìka kàwé, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ojú gbọ́rọ̀: mo kí yín níkọ̀ọ̀kan, nítorí níkọ̀ọ̀kan ni mo máa ń ka nǹkan. Adépéjú ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, òun ló ń fi ọwọ́ túmọ̀ ohun tí mò ń sọ. Adépéjú, bí mo bá sáré jù, fà mí láṣọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti rẹ̀ mí.

Kì í ṣe kí ẹ lè káàánú mi ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba tí mo ń fẹ̀yìn tì lónìí yìí. Mọ́kànlá nínú rẹ̀, láti Oǹdó ni mo ti ń wá sí Àkúrẹ́ láàárọ̀, tí mo sì ń padà nírọ̀lẹ́, kí n tó rí yàrá kan gbà lẹ́yìn Ìjàpó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, lẹ́yìn Ìjàpó ni mo wí, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa wá ilé tí èmi Ọlábísí kọ́ sí Ìjàpó tàwọn olówó. Kíláàsì kẹta girama ni mo kà dé. Wọ́n gbà mí pé kí n máa gbá ọ́fíìsì. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà rí i pé bí mo bá gbá ilẹ̀ tán, mo máa ń ka àga, mo sì máa ń sọ fún un bí ọ̀kan bá dín. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, kí ló kàn ọ́ pẹ̀lú iye àga?" Mo ní, "Sà, ohun tí a kò bá kà ló ń rìn lọ." Oṣù tó tẹ̀lé e ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀.

Ẹ̀yin àlejò tí ẹ kò mọ iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ìwé tí ọmọ tí kò ríran ń kà, tí à ń pè ní bíréèlì, kókó kéékèèké ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ̀rọ ló ń gún kókó náà sójú pépà, ìka ló sì ń kà á. Pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè gbé kókó dúró, pépà tó nípọn ló ń fẹ́. Ní sáà kan, ẹgbàajì ewé pépà la nílò. Bí ìjọba bá ṣe é tán pátápátá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ló ń dé ọwọ́ wa. Ẹ bá mi yọ ọ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá ló kù tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá rí. Ta ni ẹni náà? Èmi náà ni.

Ní gbogbo oṣù kìn-ín-ní, mo máa ń lọ káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì Oǹdó, mò ń tọrọ kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà funfun, ó sì nípọn. Ọmọ á wà níbẹ̀ tí yóò máa ka ìtàn Jósẹ́fù lẹ́yìn àwòrán orí bíṣọ́ọ̀bù. Àlùfáà kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Pépà, ṣé àwa lẹ wá ń gún lábẹ́rẹ́ báyìí?" Mo ní, "Sà, ẹ rọ́jú. Ìmọ̀ lẹ pọ̀n sẹ́yìn." Ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Pépà ti lẹ̀ mọ́ mi. Àwọn kan ń pè mí ní ahun. Mo gbọ́ ọ. Mi ò bá wọn jà, mo kàn ń bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n mú wá.

Nígbà tí kàlẹ́ńdà kò tó mọ́, mo wá ọgbọ́n mìíràn. Mo kó pépà tí àwọn ọmọ ti kà tán, mo wọ́n omi sí i, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí kókó ojú rẹ̀ fi wálẹ̀, mo sì dá a padà sínú ẹ̀rọ. Ewé kan di méjì. Ìyìn pọ̀. Wọ́n mú àwọn ènìyàn wá láti ẹ̀ka mìíràn kí wọ́n wá wo bí mo ṣe ń lọ pépà.

N kò dá a ṣe. Ayọ̀mídé tó jókòó sọ́hùn-ún ló ń tẹ ìwé náà, òun fúnra rẹ̀ kò ríran, ọdún méjìlélógún la sì ti jọ wà. N kò tíì rí i kó ṣi kókó kan tẹ̀. Adépéjú yìí, nígbà tí ìjọba kó ẹ̀rọ ìgbọ́ràn mẹ́rìnlá wá tí bátìrì kò bá a wá, àpò ara rẹ̀ ló ti ń ra bátìrì fún ọmọ mẹ́ta títí wọ́n fi jáde. Ìyáàfin Oríọlá, lẹ́tà tí ẹ kọ lórí ọkọ̀ tí yóò máa gbé àwọn ọmọ, mo ka ẹ̀dà rẹ̀ nínú fáìlì, ó jẹ́ mọ́kàndínlógún. Èsì rẹ̀ jẹ́ méjì. Méjèèjì ní kí a ṣe sùúrù.

Ó tó gẹ́ẹ́ nípa ìyìn. Àwọn àgbà ní àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo ní ohun kan tí mo pa mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé e lọ sílé.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ tó bá ní ìpèníjà ara kò lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà nílé ẹ̀kọ́ ìjọba àfi bí ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò bá yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìgbìmọ̀ náà ń wá sọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá wá. Ní ọdún 2016, ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ kí a tó gbọ́. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílẹ̀ fún àyẹ̀wò, ọ̀kan péré nínú wọn ni kò ríran: Táíyé, ọmọ ọdún mọ́kànlá láti Ìjù. Ayọ̀mídé nílò ewé mẹ́ta láti tẹ ìbéèrè ìṣirò rẹ̀. Ọgọ́ta ewé tuntun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n mo ti yà á sọ́tọ̀ fún ìdánwò ìparí sáà. Mo fún un ní èyí tí mo lọ̀.

Ayọ̀mídé fi ọwọ́ pa á. Ó ní, "Mọ́mì, ojú pépà yìí kò jọ̀lọ̀."

Mo ní, "Mo ti lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Ó ní, "Ewé mẹ́ta péré ni mo bèèrè, Mọ́mì, mi ò ní kí ẹ ta ilé."

Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí nígbà tí Táíyé ń ka ìbéèrè náà. Mo gbọ́ tó sọ fún obìnrin tó ń yẹ̀ ẹ́ wò pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nǹkan méjì ló wà lójú kan níbí." Obìnrin náà ní kó kà á bó ṣe bá a. Ọmọ náà kà á bó ṣe bá a. Nínú ogójì ìbéèrè, mọ́kànlá ló gbà. Wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì rẹ̀ pé kò lè bá àwọn tó ríran kẹ́kọ̀ọ́, ìyá rẹ̀ sì mú un padà sí Ìjù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo mú pépà náà àti ìdáhùn Táíyé lọ sí sítọ́ọ̀, mo di ojú mi, mo fi ìka kà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bíréèlì, ẹ mọ̀ pé kókó kan péré ló wà láàárín ení àti èjì, kókó kan péré náà ló wà láàárín èjì àti ẹ̀jọ. Kókó àtijọ́ ti yọ padà níbi tí áyọ́ọ̀nù ti pa á. Níbi tí Ayọ̀mídé ti tẹ èje pọ̀ mọ́ èjì, èje pọ̀ mọ́ ẹ̀jọ ni ìka mi bá. Táíyé dáhùn márùndínlógún, wọ́n fagi lé e. Mo jókòó, mo ṣírò gbogbo rẹ̀. Nínú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ní ó kùnà, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló tọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìka rẹ̀ ṣe kà á. Ẹ fi mọ́kànlá kún un. Ọmọ tó gba mẹ́tàdínlógójì nínú ogójì ni wọ́n rán lọ sílé pé kò lè kàwé.

Kí ni mo ṣe? Mo ká pépà náà, mo tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà ìyìn mi ń bọ̀ lórí ọgbọ́n pépà. Mo ní lọ́kàn mi pé ìgbìmọ̀ á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà dé, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé ìgbìmọ̀ wá. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ wà, kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Kẹ́hìndé rẹ̀ wọ girama, Táíyé jókòó sílé lọ́dún mẹ́ta gbáko. Ewé mẹ́ta ni mo ṣọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n n kò ṣe èyí.

Ní ọdún 2019, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan nítòsí wọn gba Táíyé sí kíláàsì láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ka ìwé sí i létí. Ní báyìí, Kẹ́hìndé ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Táíyé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì ìkẹyìn. Ní oṣù karùn-ún tó ń bọ̀ ni yóò ṣe ìdánwò àṣejáde. Àwọn tí orúkọ wọn bá wà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀ka wa nìkan ni wọ́n máa tẹ ìbéèrè bíréèlì fún. Orúkọ rẹ̀ kò lè wọ ibẹ̀, nítorí fáìlì 2016 ṣì ń sọ ohun tó sọ. Ọ̀la, ọjọ́ Ẹtì, ni àkọsílẹ̀ náà ń tì.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ sí Ìjù. Mo bá Ìyá Ìbejì níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, Táíyé jókòó tì í. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tó ṣe, ó wo ọ̀rá ọwọ́ mi, ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án, bisikí lẹ wá mú wá."

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ foríjì mí."

Ó ní, "Ẹ dìde, Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí orúnkún dùn yín lásán. Àwa mẹ́ta àti ewúrẹ́ ló wà níbí. Ṣé ewúrẹ́ ló kọ ìwé sí fáìlì ọmọ mi ni? Ibi tí wọ́n ti kọ ọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti lọ bẹ̀."

Mo yíjú sí Táíyé. Ó ní, "Mo mọ̀, mà. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà." Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ó ní, "Mi ò nílò ẹ̀bẹ̀. Ìbéèrè tí mo lè fọwọ́ ara mi kà ni mo ń fẹ́."

Akínwùmí, ọmọ mi, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí. Ó ní, "Mọ́mì, owó ìfẹ̀yìntì yín ò tíì jáde. Ẹ jẹ́ kó jáde ná kí ẹ tó fi ẹnu yín pe wàhálà." Mo bi í pé ìgbà wo ló máa jáde. Ó ní bóyá ọdún méjì. Mo ní oṣù karùn-ún ni ìdánwò Táíyé. 

Nítorí náà, Ìyáàfin Oríọlá, ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí fún yín ni. Mo fi yíǹkì kọ ọ́, Ayọ̀mídé tẹ èyí tí a ń fi ìka kà, lórí pépà tuntun. Ohun tí mo ṣe ló wà nínú rẹ̀, mo sì so ìwé àyẹ̀wò Táíyé mọ́ ọn kí ẹ̀yin náà lè fi ìka kà á. Àṣìṣe náà tèmi ni, kì í ṣe ti Ayọ̀mídé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á, kí ẹ buwọ́ lù ú pé ẹ gbà á lónìí.

Alága wa ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ká fi í di ọjọ́ Ajé, pé ọjọ́ ìdùnnú nìyí. Ẹ má bínú, sà. Ọjọ́ Ajé, àkọsílẹ̀ ti tì, èmi náà kò sì ní ẹ̀tọ́ àtifọwọ́ kan fáìlì mọ́.

Ẹ ṣeun, mà. Mo rí i pé ẹ ti dìde. Ìyáàfin Oríọlá ní òun máa gbà á, òun á sì gbé e lọ síwájú láàárọ̀ ọ̀la, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí ohun tí àwọn tó wà lókè máa sọ. Mo gbọ́, mà. Ẹni tó bá ṣèlérí fún mi lónìí, irọ́ ló máa pa. Ẹ buwọ́ lù ú nìkan. Síbí, mà. Kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i.

Ọlọ́run á fún yín ní ọ̀gá tí yóò dáhùn lẹ́tà yín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kò ní ṣàárẹ̀ dé ibi tí ẹ ó ti máa sọ fún ọmọ pé kó kà á bó ṣe bá a. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ẹ fà lọ́wọ́ wá síbí, òun ló máa fà yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ alẹ́. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, kí Ọlọ́run fún un ní pépà. Bí pépà kò bá sì tó, kó fún un ní ẹnu láti sọ pé kò tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu oúnjẹ tèmi sínú abọ́. Ọkọ̀ Ìjù tó kẹ́yìn máa ń gbéra ní aago márùn-ún, Ìyá Ìbejì sì ti ní kí n mú ìwé tí wọ́n buwọ́ lù wá kí òun fi ojú ara òun rí i. Ẹ kú àfaradà mi láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ẹ ṣé o.