Ikọ́ Tí Mo Pè Ní Eruku

Ẹ̀yin ará ilé Phulmati, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tíì pé ọdún kan. Èmi Brajesh, dókítà tí gbogbo àdúgbò wa ní Sasaram ń gbé ibà, inú rírun àti ẹ̀jẹ̀ ríru wá bá, ni mo ń kọ èyí. Ẹ̀rù yín ń bà mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí Sunaina, ìyàwó ọmọ yín, wọlé ọkọ nígbà tí Tilakdhari bàbá rẹ̀ mú un wá bá mi. Ó ti ń wúkọ́ fún oṣù kan, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára aṣọ tó fi ń nu ẹnu. Mo mọ̀ pé ikọ́ ife ni. Tilakdhari gbá ọwọ́ mi mú. "Brajesh, ọ̀rẹ́ mi, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀ o! Tí wọ́n bá gbọ́, ta ló máa fẹ́ ẹ? Àwọn àbúrò ẹ̀ náà á kàn jókòó sílé ni." Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lo oògùn rẹ̀, orúkọ aláìsàn sì gbọ́dọ̀ wọ ìwé ìjọba; àṣírí á tú. Oògùn ikọ́ olómi ni mo fún un, mo ní eruku ni. Ọmọ náà wojú mi. "Bàbá dókítà, ṣé mi ò ní kó o ràn wọ́n nílé ọkọ mi?" Mo rẹ́rìn-ín, èmi aláìlójútì! "Ta ló ń kó eruku ran èèyàn?"

Phulmati, ẹ̀yin náà yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, bí àwọn ìyá ọkọ ti máa ń ṣe níbí. "Dókítà, láàárín àwa méjèèjì o, ṣé ara ìyàwó wa dá ṣáṣá?" Mo ní ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Ẹ bú sẹ́rìn-ín: "Tiyín gan-an, ṣé ó le?"

Ní oṣù keje lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ gbé Lali wá, ọmọ ọmọ yín ọlọ́dún méjì tí Sunaina bá nílé. Ara rẹ̀ gbóná, ọrùn rẹ̀ gan. Mo mọ̀ pé ikọ́ ife yẹn ti dé ọpọlọ ọmọ náà. Bí mo bá ní kí ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n á bi yín pé ta ló ń wúkọ́ nílé. Nítorí ìbéèrè yẹn, oògùn ibà ni mo fún un. "Ẹ̀yin náà la mọ̀, dókítà," lẹ wí. Ní ọjọ́ kẹrin, Lali kú. Mo wá bá yín kẹ́dùn, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lánàá, ẹ̀yin fúnra yín jókòó síwájú mi, ẹ ń wúkọ́. "Ẹ má wò mí báyẹn, ikọ́ lásán ni." Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

Gbogbo ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó kù nílé yẹn, ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba lónìí, ẹ sọ pé ikọ́ ife wà nílé yín. Ó gbóògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé Sunaina. Ó bi mí léèrè, èmi ni mo parọ́ fún un. Mi ò tíì lẹ́nu láti tọrọ ìdáríjì. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba oògùn, kí ẹ tó wá fà mí ya. Mi ò ní sá.