Ilé Ungwan Shanu Tí Mo Tà Lẹ́yìn Ẹni Tó Ni Ín

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn yàrá yìí, àyà mi á já. N kì í mọ̀ bóyá oúnjẹ ni wọ́n gbé wá, tàbí èmi ni wọ́n wá mú. Ẹ má káàánú mi o. Ẹ ṣáà gbọ́ mi.

Dìláàlì ni mí ní Kawo, ní Kaduna, èmi ni mo ń bá èèyàn wá ilé tí wọ́n fẹ́ rà. Ibi kékeré ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń gba làádà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, mo tún ń yọ́ gba tèmi lọ́wọ́ ẹni tó ń rà. Ọwọ́ ò tẹ̀ mí, ni mo bá ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n òmùgọ̀!

Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan kó kúrò ní Ungwan Shanu lọ sí Ungwan Boro lẹ́yìn ìjà ẹ̀sìn. Ó fi ilé rẹ̀ sí mi lọ́wọ́ kí n bá òun tà á. Mo mú Alhaja kan wá wò ó, opó ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ. Ilé náà wù ú.

Ó ní, "Ṣé ká lọ rí Mai Ungwa?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Kaduna, olórí àdúgbò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ́rìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni.

Mo ní, "Haba, Alhaja! Bí wọ́n bá gbọ́ pé Yorùbá ló ń rà á, wọ́n á fowó lé e. Ṣé ẹ ò fọkàn tán ọmọ yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "To, ọmọ wa ni ẹ́. Mo ti gbà."

Ó sanwó, ó kó wọlé. N kò fún Bàbá ní kọ́bọ̀. Mo rò pé n ó fi owó ilé mìíràn dí i, àmọ́ mo ná an tán. Bí Bàbá bá béèrè, màá ní n kò tíì rí oníbàárà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá wá wo ilé rẹ̀, ó bá Alhaja tó ń sá aṣọ. Wọn ò pe ọlọ́pàá. Wọn ò fẹ́ fa ọmọ Yorùbá lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ nílẹ̀ onílẹ̀, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, Bàbá ní kí Alhaja lọ pe Mai Ungwa wá. Ó ku àwa méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tó wà lẹ́yìnkùlé.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ má jẹ́ kí Mai Ungwa gbọ́."

"Dìde. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́. Ojú á tì ọ́ díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, a ó jọ wá bí o ṣe máa dá owó obìnrin yìí padà."

Ojú tí yóò tì mí yẹn ni n kò lè gbà. Gbogbo Kawo ló máa gbọ́! Mo dìde, mo tì í sínú kànga.

Ó ké láti ìsàlẹ̀, "Ọmọ mi, ju okùn sí mi!" Okùn wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo gbé ìdérí dé e, mo jókòó lé e. Ibẹ̀ ni Alhaja àti Mai Ungwa bá mi.

Alhaja ní, "Bàbá dà?"

Mai Ungwa fà mí dìde, ó ṣí ìdérí; Bàbá ti kú sínú omi.

Wọ́n gba ilé náà lọ́wọ́ Alhaja fún àwọn ọmọ Bàbá, torí Mai Ungwa ò ṣẹlẹ́rìí nígbà tó rà á. Yàrá kan ló ń háyà báyìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí ẹ bá ti ṣe ohun tí kò dára, ẹ jẹ́ kí ojú tì yín. Ojú á tì yín, ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Èmi sá fún ìtìjú, mo sì pa ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ bá mi gbé e.