Ẹ̀jẹ̀ Ọrùn Ṣẹ́ẹ̀tì

Onídìrí, aládùúgbò mi, jókòó. Ọkọ mi, ẹ̀yin náà ẹ jókòó, ẹ yé dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Olè náà ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó pé ọdún méjì tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì, kò dà, kò sì jáde. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí tí Onídìrí ní òun ń lọ forúkọ ọmọ òun kejì sílẹ̀ ní girama òdìkejì odò níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, mo rí i pé bí mo bá tún dákẹ́, ìkà mi ti di méjì.

Ẹ rántí ọdún tí àwọn ọmọbìnrin wa parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́ta ọmọ péré ni girama ìtòsí ń gbà, gbogbo òbí sì di amí. Ẹni tó ní ọmọ òun ò tíì mọbi tó ń lọ, fọ́ọ̀mù wà lápò rẹ̀. Èmi télọ̀ ni wọ́n ń wá bi, torí èmi ni mò ń tún yunifọ́ọ̀mù girama méjèèjì ṣe: èyí tí aṣọ rẹ̀ bá ń ya jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà jù. Ká sòótọ́, ti òdìkejì odò ló ń ya.

Ìwọ náà wá. O ní, “Àǹtí, èwo ni kí n fọmọ sí? Ojú yín ni mo fi ń ríran o.” Mo wò ọ́ títí. Ọmọ rẹ mọ̀wé ju tèmi lọ; mo ní lọ́kàn mi, ‘Obìnrin yìí fẹ́ gba àyè ọmọ mi ní girama ìtòsí, ó wá ń fẹnu dídùn wádìí mi.’ Mo ní kó o padà wá lọ́la. Bó o ti lọ, mo fa ṣẹ́ẹ̀tì girama ìtòsí kan jáde, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló já lára rẹ̀. Mo ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ lọ́rùn, fàà! Ọkàn mi ò balẹ̀ síbẹ̀. Mo wá ro íǹkì pupa sí i, mo gbé e kọ́ sójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì, o gbá àyà mú: “Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?” Mo mirí bí olókùú: “Mi ò sọ nǹkan kan o.” Ṣé ẹ rí ìkà? Mi ò fẹnu mi purọ́. Aṣọ ni mo bẹ̀ níṣẹ́.

O sáré gba òdìkejì odò lọ. Mo jó yí máṣíìnì mi ká. Mi ò mọ̀ pé ọkọ mi ti gba iwájú fèrèsé kọjá, wọ́n sì ti rí ṣẹ́ẹ̀tì náà! Wọn ò bi mí léèrè. Wọ́n ní àwọn fura pé mo fẹ́ sọ ọmọ sínú ẹ̀jẹ̀ nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ náà sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti forúkọ ọmọ wa sílẹ̀. Níbo? Lódìkejì odò! Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé íǹkì ni?

Lóṣù tó kọjá, wọ́n fọ́ orí ọmọ rẹ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gidi dé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èmi náà lo sì gbé e wá fún pé kí n tún un ṣe. O tún ní, “Àǹtí, ẹ ṣeun o. Bí kì í bá ṣe tiyín ni, ibi tó burú ju èyí lọ ni ì bá wà.”

Ọkọ mi, ọ̀rọ̀ tiyín dilé. Onídìrí, mo bẹ̀ ọ́. O lè fi àforíjì tèmi falẹ̀ ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n aago méjì òní ni girama ìtòsí ń kásẹ̀ fọ́ọ̀mù nílẹ̀, aago kan sì ti lù. Dìde, fa ọmọ lọ́wọ́. Èébú tó o bá ní, máa bú u lọ lójú ọ̀nà. Èmi á máa sáré tẹ̀lé ọ kí n lè gbọ́ ọ tán.